Ẹ̀yin ẹlẹ́ṣin Abẹ́òkúta, ta ló dìde fún yín rí lásìkò Kérésìmesì?

Ọmọ Ìjẹmọ̀
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìmúra ọdún, ẹ kú ọyẹ́ tó ń bọ̀ yìí. Ẹ ti gbọ́ nípa ẹ̀gbọ́n wa ní Oníkolobó tí ẹṣin dà níbi ìgbéyàwó. Àwọn ọmọ yin bángà sẹ́sẹ̀ ẹṣin, ẹranko fò sókè, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n sì kán. Ẹṣin mẹ́ta ló wà lórí ìso, ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àsìkò tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń rówó yìí gan-an ni wọ́n fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. A máa ràn wọ́n lọ́wọ́, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ta ni àwọn ẹlẹ́ṣin ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dìde fún rí lásìkò Kérésì? Kí ni wọ́n ṣe tó wúlò, kí ni wọ́n ṣe tí kò wúlò? Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, ká lè mọ bí a ó ṣe gbé tiwa gbà.

Ìyá Ìbejì Àsẹ́rò
Tèmi rèé. Ọkọ mi ló ni ẹṣin. Nígbà tó jáde láyé, gbogbo ẹbí ní kí n tà á, pé kí lobìnrin fẹ́ fi ẹṣin ṣe. Mi ò tà á. Ẹṣin yẹn ló ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi, torí bí ọdún bá ti dé, àwọn òbí á máa gbé ọmọ wọn lé e lẹ́yìn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sanwó.

Ó di alẹ́ tí Kérésì ku ọ̀la. Mo gbé dùsá, ìyẹn èèrí ọkà, síwájú ẹṣin, kò wò ó. Ó ń fi pátákò ha ilẹ̀, ó ń yí ọrùn wo ìhà ara rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó dìde, ó tún dùbúlẹ̀. Òógùn ń kán tó-tó-tó lábẹ́ ikùn rẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kò sí ìgbẹ́ tuntun kankan. Mo wá gbé etí lé e nínú. Ẹni tó bá mọ ẹṣin mọ̀ pé inú rẹ̀ kì í dákẹ́, á máa kùn ṣáá ni. Mo gbọ́ ọwọ́ ọ̀tún, kẹ́kẹ́. Mo gbọ́ ọwọ́ òsì, kẹ́kẹ́.

Ẹnì kan péré ni mo pè nínú àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi. Kò pẹ́ tí ọ̀kadà fi ń dé sẹ́nu géètì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹlòmíì wọ ṣòkòtò tó fi ń sùn wá. Wọ́n gba okùn lọ́wọ́ mi, wọ́n ń fà á rìn kiri kó má baà máa yí gbirigbiri mọ́lẹ̀. Ẹnì kan gba ọ̀nà Alábàtà lọ, níbi tí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà, ó lọ gbé dókítà ẹranko wá. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn dókítà, ibi orin Kérésì ló ti ń bọ̀. Ó ní kọ́líìkì ni, pé ìfun ti dí. Ó gún un lábẹ́rẹ́ ìrora, ó ti ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ nímú títí ó fi dé agbẹ̀du, ó sì da òróró pàráfíìnì àti omi gba inú rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, rírìn ló kù. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó bá rẹ̀ á jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, èkejì á gba okùn.

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ ni ẹṣin ya ìgbẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, gbogbo wa la hó yèè, àwọn aládùúgbò rò pé olè ló wọlé.

Kò tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ Kérésì gan-an wọn ò jẹ́ kí n mú un jáde. Wọ́n mú ẹṣin tiwọn lọ sí Kútọ̀ dúró fún mi láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n kó gbogbo owó tí wọ́n pa wá bá mi nínú ọ̀rá dúdú. Wọn ò yọ náírà kan.

Ṣaworo
Omijé bọ́ lójú mi, màmá. Ọlọ́run á bù kún wọn.

Àgbẹ̀ Ọbáǹtokò
Ìtàn yìí dáa. Ṣùgbọ́n kí ni ti pàráfíìnì? Epo pupa ni bàbá mi máa ń lò. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò, ẹ gbé orí ẹṣin sókè, ẹ dà á sí i lẹ́nu. Ó ń ṣiṣẹ́ kíákíá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà
Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Tí orí ẹṣin bá wà lókè tí ẹ ń da nǹkan sí i lẹ́nu, apá kan á gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Òróró tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, àtijáde rẹ̀ le. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń gba imú ti ọ̀pá bọ inú. Ohun mìíràn ni pé ẹṣin ò lè bì. Tí agbẹ̀du rẹ̀ bá kún àkúnjù, bíbẹ́ ló máa bẹ́ nínú. Ẹ pe dókítà, ẹ kó oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀ kó tó dé.

Àgbẹ̀ Ọbáǹtokò
Àbúrò, ẹṣin bàbá mi pẹ́ láyé ju ọ̀pọ̀ ẹṣin ìsìnyí lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà
Mi ò jiyàn ìyẹn sà. Àwọn tó kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan pẹ̀lú ikọ́ ńkọ́? Wọ́n máa ń ní ọyẹ́ ló pa á.

Àgbẹ̀ Ọbáǹtokò
Hmm. Ọ̀kan wà bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́kadà Pánṣẹ́kẹ́
Èmi ò ní ẹṣin, èmi ló gbé dókítà lálẹ́ ọjọ́ náà lọ́hùn-ún! Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ma. Báwo lẹṣin?

Ìyá Ìbejì Àsẹ́rò
Ha! Ọmọ mi! Ó wà o. Ó ti ń dàgbà, kì í gbé ju ọmọdé lọ mọ́. Wá jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ ọdún.

Màlámù Sábó
Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kì í ṣe ẹni tó ni ẹṣin, èmi ló ń tọ́jú ẹṣin àwọn ọ̀gá. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, ìyẹn lẹ ṣe ń rí Yorùbá mi bẹ́ẹ̀. Tí Kérésì bá dé, àwọn ọ̀gá á lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á lọ ìlú ìyàwó wọn, inú mi sì máa ń dùn pé wọ́n lè lọ torí pé mo wà ńbẹ̀. Ẹṣin kan lè mu tó kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan àti ààbọ̀ lójúmọ́ nígbà ooru. Ẹ wá rò ó fún ẹṣin mẹ́jọ, kí kàǹga sì máa gbẹ lọ.

Ọdún kan, Kérésì ti wọlé tán, ẹṣin ta mí nípàá ní ìhà. Eegun dá. Mi ò lè tẹ̀, mi ò lè gbé garawa. Lọ́dún yẹn náà ni ẹgbẹ́ kan ń dá owó fún àwọn ẹlẹ́ṣin tó wà nínú ìṣòro, kí wọ́n lè rí ọdún ṣe. Wọ́n ka orúkọ, tèmi ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ni ẹṣin nìkan ni ọmọ ẹgbẹ́.

Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi ló gbà mí. Ọ̀kan wá láti Láfẹ́nwá, ọ̀kan láti Ìdí-Aba. Tí wọ́n bá ti parí ti ọ̀gá wọn, wọ́n á wá sí ọ̀dọ̀ mi, wọ́n á pọn omi, wọ́n á kó ìgbẹ́, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì nu ẹṣin, wọ́n á yẹ pátákò wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí òkúta bá há sábẹ́ rẹ̀ wọ́n á yọ ọ́. Wọ́n ṣe é títí mo fi dìde. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni kí ọ̀gá má baà gba ẹlòmíì sípò mi. Kò gbà á. Owó oṣù mi pé. Èyí tó wá láti Ìdí-Aba, onígbàgbọ́ ni, òun àti ìyàwó rẹ̀ gbé ìrẹsì àti itan adìẹ wá fún mi lọ́jọ́ Kérésì, a jọ jẹ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin.

Àbíkẹ́ Aládìrẹ, Ìtòkú
Èyí dùn mí dé egungun. "Ẹni tó ni ẹṣin nìkan."

Ṣaworo
Ta ló mọ̀ pé ẹṣin ò jẹun lánàá, ṣé ọ̀gá ni àbí Màlámù?

Balógun Ọ̀dọ̀
Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwọn tó ni ẹṣin ló ń san owó oṣooṣù. Tí ẹgbẹ́ bá ní fún ọmọ ẹgbẹ́, fún ọmọ ẹgbẹ́ ni. Ẹ ò lè kó owó ẹni tó dá a fún ẹni tí kò dá a.

Ọmọ Ìjẹmọ̀
Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń gba owó oṣù tí kò tó ra ìrẹsì, ibo ló ti máa rí owó ẹgbẹ́ dá? Iṣẹ́ tó ń ṣe nígbà tí ẹ wà lójú oorun, òun lowó tirẹ̀.

Balógun Ọ̀dọ̀
Mi ò ní kí wọ́n má ràn wọ́n. Mo ní kí ọ̀gá kálukú ran tirẹ̀. Ẹṣin tó ta á nípàá, ta ló ni ín? Ẹni yẹn ló yẹ kó san owó ilé ìwòsàn.

Ìyá Ìbejì Àsẹ́rò
Níbi ìyẹn, mo wà lẹ́yìn yín. Ó yẹ kó san án. Ṣùgbọ́n tí kò bá san án ńkọ́? Ṣé ká máa wo Màlámù nílẹ̀?

Màlámù Sábó
Ó san díẹ̀ ma. Mi ò bínú sí i. Mo kàn sọ ọ́ torí wọ́n béèrè ohun tó wúlò.

Ìjẹ̀bú Gidi
Mo ń kọjá lọ ni o. Ẹ̀yin Ẹ̀gbá náà ti dẹlẹ́ṣin? Ojúde Ọba la fi mọ ẹṣin nílẹ̀ yìí, lọ́jọ́ kẹta Iléyá.

Ọmọ Lísàbí
Ọ̀rọ̀ dé! Ẹ wá sí ọdún Lísàbí kẹ́ ẹ wá wò bí àwọn olóyè wa ṣe ń jókòó lórí ẹṣin. Èmi fúnra mi ti kó ẹṣin láti Abẹ́òkúta lọ fún ìdílé Balógun kan ní Ìjẹ̀bú-Òde rí, òun ni wọ́n fi jó níwájú Awùjalẹ̀.

Ìjẹ̀bú Gidi
Ẹ yá wa ni, a sì sanwó.

Arọ́kìn
Ẹ̀yin méjèèjì, kò sí èyí tó ni ẹṣin nínú yín. Ẹṣin tí Ọ̀yọ́ àtijọ́ fi ń jagun, òkè Ọya ni wọ́n ti ń rà á. Nínú igbó níbí, eṣinṣin tsetse ń gé wọn jẹ, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ á sì pa wọ́n. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń ra òmíràn. Àìsàn yẹn ò tíì lọ o. Bí ẹ bá ń dá owó fún ará Oníkolobó yẹn, ẹ fi owó abẹ́rẹ́ sí i, pàápàá bí ẹṣin rẹ̀ bá ti ń rù tí abẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ sì funfun. Àwọn èèyàn á gbé dùsá lọ, wọ́n á gbàgbé oògùn.

Ìjẹ̀bú Gidi
Baba, ẹ ṣeun. Eré ni mo ń bá wọn ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi tòótọ́tòótọ́. Ní 2020, ọdún kòrónà, kò sí Ojúde Ọba, kò sí ìgbéyàwó ńlá, kò sẹ́ni tó fẹ́ yá ẹṣin. Nígbà tí Kérésì fi máa dé, ẹ lè ka eegun ìhà ẹṣin wa láti òkèèrè. Ẹlẹ́ṣin kan láti Abẹ́òkúta, Mùsùlùmí, tí a kàn pàdé rí nídìí ẹṣin, gbọ́. Ó fi pikọ́ọ̀pù kó ewé ẹ̀pà gbígbẹ wá dé Ìjẹ̀bú-Òde. Kò gbowó epo lọ́wọ́ wa. Ó ní kí n kí àwọn ọmọ kú ọdún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí.

Ọmọ Lísàbí
Ó tán. Mo gba àlàáfíà.

Àbíkẹ́ Aládìrẹ, Ìtòkú
Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò wúlò, torí Ọmọ Ìjẹmọ̀ béèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń fi ẹṣin gbé ọkọ ìyàwó. Ẹṣin rẹ̀ kú, nǹkan wá le. Àwọn kan gbé àpò ìrẹsì àti gálọ́ọ̀nù òróró wá lọ́sẹ̀ Kérésì, a dúpẹ́. Wọ́n ní kó dúró, kó gbé àpò lé orí, kí ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, kí àwọn ọmọ tò síwájú. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gbé e sórí Facebook. Nígbà tí ilé ìwé wọlé, àwọn ọmọ kíláàsì ń pe ọmọ rẹ̀ obìnrin ní oníbárà. Ọmọ náà kọ̀, kò lọ síléèwé mọ́. Títí dòní, ẹ̀gbọ́n mi kì í bá ẹlẹ́ṣin kankan jókòó. Ìrẹsì yẹn ti tán tipẹ́, fọ́tò ṣì wà níbẹ̀.

Ọlọ́kadà Pánṣẹ́kẹ́
Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Akápò Tẹ́lẹ̀
Mo ti ṣe akápò rí, ẹ gbọ́ tẹnu mi náà. Tí a ò bá ya fọ́tò, wọ́n á ní a kó owó jẹ. Wọ́n pè mí lólè lójú ìyàwó mi nítorí pé mi ò ní ẹ̀rí. Kí la fẹ́ ṣe?

Àbíkẹ́ Aládìrẹ, Ìtòkú
Ẹ ya fọ́tò rìsíìtì. Ẹ ya fọ́tò àpò dùsá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ya ẹṣin níbi tó ti ń jẹ ẹ́, ẹṣin ò lójú tì. Èèyàn ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀.

Akápò Tẹ́lẹ̀
Mo gbà. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà náà.

Àǹtí Ṣọ́lá Sápọ́n
Àbíkẹ́, ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á fẹ́ bá wa gun ẹṣin ará Oníkolobó ní ọdún yìí. Ẹṣin mẹ́ta ló wà lórí ìso, kò sẹ́ni tó ń gùn wọ́n, gbogbo èèyàn sì ń wá ẹṣin fún ìgbéyàwó. Kí wọ́n pín owó sí méjì. Àwọn ilé méjèèjì á rí ọdún ṣe.

Àbíkẹ́ Aládìrẹ, Ìtòkú
Ẹ̀yin, mi ò tiẹ̀ ronú débẹ̀. Mo ń lọ bá a nísìnyí.

Balógun Ọ̀dọ̀
Èyí gan-an lọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Mo ní gàárì kan tó dáa àti ìjánu, kí wọ́n wá gbà á. Kí wọ́n má gba ibi tí wọ́n bá ti ń yin bángà o.

Ọmọ Aké ní Kánádà
Ẹ kú ọdún láti òkèèrè. Ibi ìtọ́jú ẹṣin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Níhìn-ín, yìnyín ti bo gbogbo ilẹ̀, koríko tí wọ́n gé nígbà ooru ni ẹṣin ń jẹ títí òtútù fi máa lọ. Ọdún kan, iná jó ilé tí ìdílé kan kó koríko sí, Kérésì sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Kí n tó débi iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, katakata ti tò sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹlòmíì gbé ọ̀pọ̀ dì wá, obìnrin arúgbó kan gbé ẹyọ dì kan ṣoṣo sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó ní ohun tí òun lè yọ nínú tòun nìyẹn. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe gba tàwọn yòókù. Mo máa fi nǹkan ránṣẹ́, ẹ sọ ẹni tí mo máa fi ránṣẹ́ sí.

Ọmọ Ìjẹmọ̀
Ẹ ṣeun, ọmọ Aké. Ẹ dúró ná, a ń ṣètò ẹni méjì tí yóò jọ máa mójú tó owó náà.

Ohun tí mo ti kọ sílẹ̀ báyìí: àpò dùsá mẹ́rin, ọkà bàbà àpò kan, owó dókítà àti abẹ́rẹ́, owó ẹni tí yóò máa pọn omi. Ẹ wò ó bóyá nǹkan kù.

Màlámù Sábó
Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, dùsá yẹn pọ̀ jù, ẹ yọ ọkà bàbà náà. Àwọn ẹṣin yẹn ò ṣiṣẹ́ báyìí, ojú kan ni wọ́n dúró sí. Ẹṣin tó dúró sójú kan tí wọ́n ń fún ní ọkà bíi ti ẹni tó ń sáré, inú rírun ló ń bọ̀, nígbà mìíì ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbóná, kò ní lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ ra ewé ẹ̀pà gbígbẹ àti koríko púpọ̀, kí dùsá kéré. Tí wọ́n bá ti ń gùn wọ́n jáde, ẹ máa fi ọkà kún un díẹ̀díẹ̀. Owó ẹni tí yóò pọn omi, ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀. Èmi àti ará Ìdí-Aba la máa ṣe é.

Balógun Ọ̀dọ̀
Màlámù, ẹ jẹ́ ká san án fún yín.

Màlámù Sábó
Ti ọdún yìí, rárá. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ká jọ sọ̀rọ̀ nípa orúkọ tó wà nínú ìwé.

Àǹtí Ṣọ́lá Sápọ́n
Màlámù, mo ti kọ orúkọ yín sí i. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́, kó wá bá mi ní Sápọ́n.

Balógun Ọ̀dọ̀
Kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́, àǹtí. Ẹ fi ti ará Ìdí-Aba náà sí i.

Àgbẹ̀ Ọbáǹtokò
Ewé ẹ̀pà wà lóko mi, mo lè kó ọkọ̀ kan wá lọ́fẹ̀ẹ́. Àbúrò mi ará Alábàtà, ṣé ó ní bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹṣin tó jẹ ẹ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà
Ẹ ṣeun gan-an sà. Ẹ gbóòórùn rẹ̀, tó bá ti hu, ẹ má kó o wá. Kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n dáadáa kó tó wọ ọkọ̀, torí yanrìn tó bá lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò rẹ̀ máa ń rọ̀ sí ẹṣin nínú ìfun.

Àgbẹ̀ Ọbáǹtokò
Mo gbọ́. Lọ́jọ́ Sátidé ni mo máa gbọ̀n ọ́n, kí ẹnì kan wá ràn mí lọ́wọ́.

Ọlọ́kadà Pánṣẹ́kẹ́
Mo ń bọ̀ sà. Aago mélòó?